Má Dákẹ́ Níwájú Ẹni Tó Ń Fọ̀rọ̀ Wá Ọ Lẹ́nu Wò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìbàdàn ni mo wà, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ kékeré kan. Google ti ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí mi ò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè wọn, ṣé ó ti parí nìyẹn? Ṣé òótọ́ sì ni pé wọ́n máa ń pa àlọ́ fún èèyàn, bí iye bọ́ọ̀lù tó lè kún inú ọkọ̀ òfurufú?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú oríire. Ká kọ́kọ́ mú ti àlọ́ kúrò nílẹ̀. Lọ́dún 2013, Laszlo Bock, tó jẹ́ ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Google nígbà náà, sọ fún ìwé ìròyìn New York Times pé ìfàkókòṣòfò gbáà ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kó o mọ̀ nìyí: ẹni tó máa bá ọ sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 kọ́ ló máa dá pinnu. Ó máa kọ ohun tó rí àti ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ìgbìmọ̀ tí kò rí ọ rí ló sì máa ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti tàwọn yòókù. Ohun tó o bá rò sínú, tó ò sọ síta, kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn láé.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ilé ti ń ṣe wá. Wọ́n tọ́ wa pé ọmọ kì í rojọ́ wótòwótò níwájú àgbà. Nígbà àkọ́kọ́ témi náà lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá kan, ogún ìṣẹ́jú ni mo fi tẹjú mọ́ ìbéèrè láìfọhùn. Mo rí ìdáhùn ọ̀hún, mo kọ ọ́ tán. Wọn ò gbà mí. Ìgbà témi náà wá ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò ló yé mi: kí ni ọkùnrin tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò yẹn ì bá rí kọ nípa mi?

Ká ní wọ́n fún ọ ní nọ́ńbà 1,000, wọ́n ní kó o wá méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 50. Má tíì kọ nǹkan kan. Bi ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò pé: ṣé wọ́n ti tò wọ́n láti kékeré dé ńlá? Ṣé nọ́ńbà kan lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Bí kò bá sí méjì tó bá a mu ńkọ́? Lẹ́yìn náà, sọ ọ̀nà tó rọrùn jù, bí kò tiẹ̀ yá: "Mo lè so ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ gbogbo èyí tó kù." Ṣírò ó lójú ẹ̀: ó lè tó ìgbà 499,500. Kó o wá ní: "Ìyẹn pọ̀ jù. Bí mo bá ń kó èyí tí mo ti rí sínú hash table (ibi ìkópamọ́ tí kọ̀ǹpútà ti lè rí nǹkan lójú ẹsẹ̀), tí mo bá kan 18, màá kàn wò ó bóyá 32 ti wà níbẹ̀." Ìgbà yẹn ni kó o wá kọ kóòdù. Bó o bá kọ ọ́ tán, mú nọ́ńbà mélòó kan, kó o fi wọ́n tọ kóòdù náà láti òkè délẹ̀, torí lọ́pọ̀ ìgbà, kóòdù kì í lè ṣiṣẹ́ lójú ìwé tí wọ́n ń ní kéèyàn kọ ọ́ sí.

Bí ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò bá ta ọ́ lólobó, gbà á, kó o sì lò ó. Mo ti kọ pé kí wọ́n gba ẹni tí àkókò tán mọ́ lọ́wọ́, torí mo rí bó ṣe ń ronú. Nítorí náà, kò tíì parí.

Ọ̀kan ṣì kù tó máa ń dùn mí. Wọ́n máa bi ọ́ nípa iṣẹ́ tó o ti ṣe sẹ́yìn. Ọmọ Yorùbá á ní "a ṣe é, a tún un ṣe", torí agbéraga là ń pe ẹni tó ń ṣe "èmi, èmi" láàárín wa. Ẹni tó ń gbọ́ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀; á kọ ọ́ pé òun ò rí ohun tí ẹni yìí fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Dárúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, kó o wá yọ tìrẹ sọ́tọ̀: "Èmi ni mo rí ibi tí àṣìṣe wà, ọjọ́ méjì ni mo fi wá a."

Wá ibi tí iná kì í ti í lọ fún ọjọ́ náà. Láti òní lọ, pe ọ̀rẹ́ rẹ kan kó jókòó tì ọ́ fún ìṣẹ́jú 45, kó o máa sọ èrò rẹ síta lédè Gẹ̀ẹ́sì bó o ṣe ń kọ kóòdù lọ. Nígbàkígbà tó o bá ti dákẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ, kó gbá tábìlì.