Ìhó ẹmu kì í ṣe ẹ̀rí pé ògidì ni: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ lọ tọ́ ẹmu wò lápá Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú là ń gbé. Àwa mẹ́jọ fẹ́ jáde ní Sátidé kan, ká lọ sí oko tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì lápá Ẹ̀pẹ́, ká tọ́ oríṣiríṣi wò, ká sì ra kẹ́ẹ̀gì kan bọ̀ fún ayẹyẹ ọjọ́ Àìkú. Agogo méjìlá ọ̀sán la fẹ́ gbéra. Ọ̀rẹ́ wa kan ní ká ṣáà máa wo èyí tó bá hó dáadáa, pé ògidì tí wọn ò bomi là nìyẹn. Ibo ni ká lọ? – Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Ẹ má wá oko àjàrà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì ń fẹ́ àsìkò òtútù tí yóò fi sinmi, tàbí ilẹ̀ gbígbẹ tí àgbẹ̀ ti máa ń bomi rin ín. Òjò àti ọ̀rinrin etí ọ̀sà wa kì í bá a lára mu. Ohun tí ẹ ó bá lọ́nà Ìmọ̀tà, Agbówà àti Ìtòkín títí dé Ẹ̀pẹ́ ni ẹmu ọ̀pẹ, àti ògùrọ̀ tí igi rẹ̀ ń hù nínú àbàtà. Àwọn méjèèjì tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń bèèrè ibi tí ẹ ó lọ, nígbà tó jẹ́ pé aago tí ẹ ó débẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, agogo méjìlá ọ̀sán sì ti pẹ́ jù.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ ìhó yìí pátápátá, torí ìgbà gbogbo ni wọ́n ń bi wá, owó àwọn èèyàn sì ń ṣòfò lórí rẹ̀.

Omi tó ń kán lára ọ̀pẹ dùn nítorí ṣúgà inú rẹ̀, bíi gíráàmù 100 nínú lítà kan, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìwúkàrà, irú èyí tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń lò, ti wà lára igi, lẹ́nu akèrègbè àti nínú afẹ́fẹ́. Bí omi náà ṣe ń kán sílẹ̀ ni ìwúkàrà ti ń jẹ ṣúgà rẹ̀, tó ń sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì. Gáàsì yẹn ló ń gbé ìhó sókè. Ohun kan ṣoṣo tí ìhó ń sọ fún yín ni pé ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà. Kò sọ ibi tí ṣúgà ti wá, kò sì sọ iye omi tí ẹnikẹ́ni bù sí i.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ po gíráàmù 100 ṣúgà mọ́ lítà kan omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ da ṣíbí méjì gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu sí i, ẹ fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yóò hó ṣùṣù. Ẹ má mu ún o, àyẹ̀wò lásán ni. Ohun tí àwọn oníjìbìtì ń ṣe gan-an nìyẹn: omi, ṣúgà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná, ẹmu díẹ̀ fún òórùn, wọ́n á wá mì í kí wọ́n tó dà á láti òkè sínú ife. Bẹ́ẹ̀, ògidì ẹmu tó wà nínú yìnyín kì í fi bẹ́ẹ̀ hó, torí òtútù ń mú ìwúkàrà rọlẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sínú akèrègbè mímọ́ lè má tíì hó rárá. Tẹ́ ẹ bá ń fi ìhó yan, ojúlówó lẹ ó kọ̀, àbùlà lẹ ó san owó lé lórí.

Adùn náà kò tó ẹ̀rí. Àwọn kan ń fi sákárìn, ohun adùn tí kì í ṣe ṣúgà, sí i. Ìwúkàrà kì í jẹ sákárìn, ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú: ẹmu tí kò wọ yìnyín, tí wọ́n gbé sọ̀ láàárọ̀, tó ṣì ń dùn bí oyin lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe ṣúgà ọ̀pẹ ló ń dùn bẹ́ẹ̀. Ó tún máa ń fi ìkorò díẹ̀ sílẹ̀ ní ìdí ahọ́n. Lójú èmi, ohun tó dájú jù ni kẹ́ ẹ dúró nídìí igi nígbà tí adẹ́mu bá sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbéra ní Ìkòròdú láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ lè dé oko láàárín agogo méje sí mẹ́jọ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gun igi. Ẹ fi ẹnìkan tó mọ àdúgbò ṣaájú ní ọjọ́ bíi méjì sí mẹ́ta, kó bá adẹ́mu sọ̀rọ̀, kó sì fi owó díẹ̀ sílẹ̀; ẹ má kàn wọ oko olóko. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó dùn jù, ẹ bẹ adẹ́mu kó fi omi gbígbóná fọ akèrègbè kan, kó há ojú ibi tó ń sun náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ torí ó máa ń dí, kó sì gbé e kọ́ fún wákàtí méjì péré. Èyí tó ti wà lókè láti alẹ́ ti di ọtí kó tó kan ilẹ̀. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ sún ìrìn yín síwájú. Omi òjò á ti wọ akèrègbè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Fún ti ògùrọ̀, ẹ mú bàtà rọ́bà dání.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kéré lọ́jọ́ orí: ti wákàtí méjì, lẹ́yìn náà ti òru, kẹ́ ẹ wá fi ti àná kádìí rẹ̀. Ìdajì ife kékeré ti tó. Ẹ fi omi fọ ẹnu láàárín. Ẹ má jẹ ohun tó ta ṣáájú, kẹ́ ẹ má sì po ẹmu ọ̀pẹ mọ́ ògùrọ̀. Ti wákàtí méjì á dùn, àwọ̀ rẹ̀ kò tíì funfun kì. Ti òru á funfun bíi wàrà, á máa ta ahọ́n díẹ̀. Ti àná á kan. Kíkan kì í ṣe àbùlà o. Ìrìn àjò ẹmu nìyẹn.

Omi tí wọ́n fi ń là á ló ń bà mí lẹ́rù ju owó yín lọ. Nígbà tí kọ́lẹ́rà jà ní Èkó lọ́dún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ náà nàka ẹ̀bi sí ohun mímu tí wọ́n ń pò tà lójú pópó. Ẹ gbé omi tẹ́ ẹ ó mu àti ife yín dání láti ilé.

Ẹni tó máa wakọ̀ kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò rárá. Ẹ má gbà pé ẹmu àárọ̀ kò ní ọtí nínú. Aláboyún, ọmọdé, ẹni tó ń lo Flagyl tàbí oògùn oorun, kí wọ́n jìnnà sí i. Kí alátọ̀gbẹ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìdáhùn yìí kò lè rọ́pò ti dókítà.

Kẹ́ẹ̀gì ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Yóò kan. Tẹ́ ẹ bá ta kú, ẹ rà á ní ìrọ̀lẹ́, nínú kẹ́ẹ̀gì tí kò gbé kẹrosíìnì tàbí epo ọkọ̀ rí. Ẹ dà á dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ tò yìnyín sí ìta rẹ̀, ẹ má dé e pa. Ṣúgà inú lítà kan lè mú gáàsì tó ju lítà 20 jáde. Kẹ́ẹ̀gì tó dé pinpin lè bẹ́ nínú ọkọ̀.

Wọ́n lè fi ògógóró lọ̀ yín, tàbí sódabì, ọtí líle bíi ògógóró, tẹ́ ẹ bá gba apá Bàdágìrì lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má tọ́ èyí tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC wò. Mẹ́táńọ́ọ̀lù, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, tó wà nínú irú rẹ̀ pa èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ́dún 2015, ó sì máa ń ba ojú jẹ́. Ẹni tó bá mu ún tó ní ojú òun ń ṣú, tàbí tí orí ń fọ́ ọ gan-an, ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì dúró kí ilẹ̀ mọ́.