Wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Ìkòròdú: ṣé aránṣọ náà lè di oníṣẹ́ ọnà?

Ó lè ṣe é. Ẹ̀rọ lè lọ, ọwọ́ tó mọ bátànì kò lọ. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún Henri Matisse, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní 1941 ló sọ ọ́ di ẹni tó ń fi sísọ́ọ̀sì gé bébà aláwọ̀ dípò kó máa kun àwòrán.

Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya bátànì sí kí aró má bàa mu ibẹ̀; kò nílò iná mànàmáná. Kó fọ aṣọ òwú funfun kí sítáàṣì inú rẹ̀ jáde, kó se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, kó fi ìyẹ́ adìẹ kun ẹ̀kọ yìí sójú kan aṣọ náà, kó sá a gbẹ dáadáa. Aró tútù ni kó rì í sí o; gbígbóná á yọ́ ẹ̀kọ náà. Bó bá yọ aṣọ náà kúrò nínú aró, àwọ̀ rẹ̀ á jọ ewé. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù, kó tó tún rì í. Pọ́líẹ́sítà kì í mu aró, kó má wulẹ̀ rà á.