Owó ẹ̀ka jẹjẹrẹ ọmú: kí la ó kọ́kọ́ rà?

Ìbéèrè: Àwa obìnrin ọjà Kétu ń dáwó fún ẹ̀ka jẹjẹrẹ ọmú ní ilé ìwòsàn wa. Ṣé ẹ̀rọ mamógíráfì, tó ń ya àwòrán inú ọmú, la ó kọ́kọ́ rà?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má tíì rà á. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò àti iná tó dúró, eruku ni yóò bò ó. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí àyẹ̀wò parí láàárín 60 ọjọ́ tí aláìsàn bá ti kọ́kọ́ wá sí ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gé ẹran díẹ̀ lára kókó tó wà nínú ọmú fún àyẹ̀wò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, pẹ̀lú fọmalíìnì, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, tó tó ìlọ́po 10 ẹran náà; bí ó bá kéré, ẹran á jẹrà, àyẹ̀wò á di òfo. Ẹ ya owó ọkọ̀ tí yóò gbé ẹran náà lọ síbi àyẹ̀wò sọ́tọ̀. Ẹni mẹ́ta ni kó máa buwọ́ lu ìwé báńkì.