Ọkọ mi ń fi "Èmi ló kàn" dà mí láàmú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀ṣínbàjò ni mo fẹ́ nínú ìdìbò abẹ́nú APC lọ́dún 2022, Tinúbú ni ti ọkọ mi. Títí dòní, bí mo bá ń bu ẹran, á na abọ́ sí mi: "Èmi ló kàn!" Ó ní Fáyẹmí àti Amósùn tí wọ́n juwọ́ sílẹ̀ fún Tinúbú ló gbé e wọlé. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Tinúbú ní ìbò 1,271, Amaechi 316, Ọ̀ṣínbàjò 235. Ẹ ro ti àwọn méjèèjì pọ̀: 551, kò tó ìdajì ti Tinúbú. Orí pápá Eagle Square, lọ́jọ́ ìdìbò gan-an, ni Fáyẹmí, Amósùn àti Akpabio ti kéde pé àwọn fi í sílẹ̀ fún un. Lójú tèmi, ọbẹ̀ ti jinná kí wọ́n tó fi iyọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni ti àwọn gómìnà APC láti Àríwá, tí wọ́n sọ lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹfà pé kí ipò ààrẹ lọ sí Gúúsù. Lawan, ọmọ Yobe ní Àríwá, 152 péré ló rí.

Ní ti ẹran, ẹ bu eegun fún bàbá wọn lọ́jọ́ kan ná.