Oyin ni àbí eṣinṣin tó múra bí oyin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Kòkòrò kan máa ń wá sídìí òdòdó tí mo gbìn. Ó ní ìlà dúdú àti yẹ́lò lára bíi ti oyin, ṣùgbọ́n ó lè dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́ láìbà. Ọmọ mi ń sá fún un, mo sì ti fẹ́ fín oògùn sí i. Ẹnì kan wá ní kì í ta èèyàn, pé ó kàn ń fara wé oyin ni. Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀? Ṣé ọgbọ́n kan náà ni mo lè fi mọ ejò tí kò lóró?

ÌDÁHÙN: Ẹ dá oògùn yẹn dúró ná. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀, ó jọ pé eṣinṣin ni, láti inú ìdílé tí àwọn onímọ̀ kòkòrò ń pè ní Syrphidae. Oríṣi wọn tí a ti mọ̀ tó nǹkan bí 6,000. Kò ní oró, kò sì ní ohun tó máa fi ta yín. Ìdin ọ̀pọ̀ nínú wọn tún máa ń jẹ àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ara ewé mu, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá pa á ló pàdánù.

Àwọn kan á ní kí ẹ ka ìyẹ́ rẹ̀: mẹ́rin ni ti oyin àti agbọ́n, méjì ni ti eṣinṣin. Òótọ́ ni, àmọ́ ó rọrùn láti sọ ju láti ṣe lọ. Ìkọ́ tíntìntín ló so ìyẹ́ iwájú oyin mọ́ tẹ̀yìn, tó bá ń fò, bíi méjì lẹ máa rí i. Orí lèmi máa ń kọ́kọ́ wò. Ojú eṣinṣin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orí rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ akọ, ṣe ni ojú méjèèjì pàdé lókè. Ìwo rẹ̀ sábà máa ń kúrú, ti oyin sì gùn, ó tẹ̀ láàárín. Tó bá ti bà, ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ wá fẹ fọ́tò náà lójú. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba oró oyin kó má sún mọ́ ọn rárá.

Ẹ má sì gbára lé ìwo nìkan o. Àwọn kan wà nínú ìdílé yìí, Spilomyia, tó máa ń na ẹsẹ̀ iwájú wọn tó dúdú síwájú orí, tí wọ́n á máa jù ú bí ìwo agbọ́n. Aláǹtakùn kan, Myrmarachne, ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà: á gbé ẹsẹ̀ iwájú méjì sókè nínú mẹ́jọ tó ní, á ku mẹ́fà nílẹ̀, ó di èèrà nìyẹn.

Henry Walter Bates, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lo ọdún 11 lágbègbè odò Amazon, ló ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀dá kan fi ń fara wé òmíràn lọ́dún 1862, látara labalábá. Ẹyẹ tó bá ti tọ́ èyí tó korò wò kì í fọwọ́ kan èyí tó jọ ọ́ mọ́, bí ìyẹn tilẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n tí ayédèrú bá ti pọ̀ ju ojúlówó lọ, ẹyẹ á máa jẹ dídùn lọ́pọ̀ ìgbà, ìbẹ̀rù á sì lọ.

Ní ti ejò, rárá. Ejò kan wà nílẹ̀ Áfíríkà, Dasypeltis, ẹyin ẹyẹ nìkan ló ń jẹ, ẹnu rẹ̀ ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní eyín. Tí wọ́n bá dẹ́rù bà á, á ká ara rẹ̀ jọ, á máa fi ìpẹ́ ha ara wọn títí á fi dún ṣìì bí paramọ́lẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀ náà sì jọ ọ́. Kí ẹ tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ ní láti sún mọ́ ọn débi tó ti lè bù yín jẹ. Èyí tẹ́ ẹ bá rí, ẹ fà sẹ́yìn, kí ẹ jẹ́ kó ráyè lọ.