Ẹ Bi Ìyá Tíṣà: Iná Láìsí Wáyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Físíìsì ni mò ń kọ́ ní Òṣogbo. Ilé ìwé wa ò ní íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí wáyà ní láàbù. Báwo ni kí n ṣe kọ́ wọn ní iná?

Tíṣà mi, ẹ wá PhET, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àfarawé ìdánwò sáyẹ́ǹsì, tí Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní 2002, ọdún kan lẹ́yìn tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbà á látorí íntánẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà nílé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò nílò dátà mọ́. Lórí kọ̀ǹpútà náà, àwọn ọmọ á so bátìrì mọ́ gílóòbù, wọ́n á rí i bí iná ṣe ń ṣàn. Ẹ fi fáìlì náà sórí fláàṣì fún tíṣà ilé ìwé kejì, kí òun náà fún yín ní ìbéèrè tó ti kọ. (Àwọn tó ń fi nóòtì pamọ́ bí oògùn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.) Ẹ ṣì ra bátìrì àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì l'Ọ́jà Ọba, mo bẹ̀ yín.