Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi mi ń húkọ́ bó bá ti sáré díẹ̀: ṣé kí n ra CDI ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi mi ti pẹ́ láyé. Two-stroke ni, sílíńdà méjì ló ní, agbára rẹ̀ jẹ́ 40 horsepower. Bí mo bá fa okùn rẹ̀ láàárọ̀, kíá ló ń dáhùn, á sì sáré dáadáa fún bí ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà, bí mo bá ṣí tọ́rọ́tù tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, agbára á lọ, ọkọ̀ á sì jókòó sínú omi. Bí mo bá pa á tí mo jẹ́ kó sinmi, á tún ṣe dáadáa. Mo ti pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, kò yí nǹkan kan padà. Ẹnì kan ní kí n lọ ra CDI tuntun, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. CDI, ìyẹn àpótí kékeré tó ń ran iná sí kọ́ìlì kí pulọ́ọ̀gì lè ta, máa ń bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí lè ti ibi méjì tí kò jọra wá. Ó lè jẹ́ pé epo kì í dé ẹ́ńjìnnì bó ṣe yẹ, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yà kan lára ètò iná rẹ̀ ń kú bó bá ti gbóná. Méjèèjì ló máa ń dára lẹ́yìn ìsinmi. Kí owó tó jáde lápò, ẹ jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kò ní ná yín lówó rárá. Ẹ wo ìdérí táńkì epo. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, èyí tó pọ̀ jù lára àwọn táńkì àgbégbèéká sì ní ìdè tí a ń yí láti ṣí i. Bí ihò yẹn bá dí, ẹ́ńjìnnì á máa fa epo, afẹ́fẹ́ ò ní wọlé rọ́pò rẹ̀, títí táńkì á fi di epo mú. Ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ á rọra yọ́ wọlé padà, ohun gbogbo á dà bíi pé kò sí nǹkan. Ẹ rí i pé ó bá ọ̀rọ̀ yín mu gan-an. Nígbà tó bá tún ń húkọ́, ẹ dẹ ìdérí náà. Bí ẹ bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń sá wọlé, tí ẹ́ńjìnnì sì gbéra, ẹ ti rí i nìyẹn.

Bí kì í bá ṣe ìdérí, ẹ mú ẹnì kan dání lọ sórí omi, kí ẹ wọ aṣọ ìléfòó, kí àjẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀. Kí ẹ̀yin máa darí, kí ẹnì kejì jókòó ti bọ́ọ̀lù rọ́bà tí a ń fọwọ́ tẹ̀ lórí páìpù epo. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ wàhálà rẹ̀, kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà kó tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti pẹ̀lẹ́bẹ̀, ohun tó dí wà láàárín bọ́ọ̀lù àti táńkì: ihò afẹ́fẹ́ yẹn, asẹ́ inú táńkì, tàbí páìpù tó ká. Bí kò bá pẹ̀lẹ́bẹ̀, kó máa tẹ̀ ẹ́ léraléra. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbéra bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tó tún ń rẹ̀ ẹ́ bó bá ti dáwọ́ dúró, CDI ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Pọ́ǹpù epo ni kí ẹ tú, kí ẹ wo awọ rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀. Ó máa ń le gbagidi tàbí kó lu bó bá ti dàgbà.

Páìpù epo tó ti gbó náà máa ń tan èèyàn jẹ. Òde rẹ̀ á dára, àmọ́ inú rẹ̀ á ti bó, awẹ́ tó bó á sì máa dí ọ̀nà bí epo bá ń sáré gba ibẹ̀. Rọ́bà róbótó kékeré tó wà ní ẹnu tí páìpù fi ń wọ ẹ́ńjìnnì lè gba afẹ́fẹ́ wọlé láìjẹ́ kí epo kán síta, nítorí náà bí ẹ ò bá rí kí epo kán, ẹ má fi ìyẹn dá a láre. Bí ẹ bá lè yá táńkì mìíràn pẹ̀lú páìpù tirẹ̀, tí epo inú rẹ̀ jẹ́ tuntun, tí ẹ sì po ọ́ìlì mọ́ ọn bí ìwé ẹ́ńjìnnì yín ṣe ní kí ẹ pò ó, ẹ fi sáré. Ìdánwò kan ṣoṣo yìí á mú gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì kúrò nínú ẹjọ́, títí kan omi tó lè ti wọ inú epo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa fi tipátipá sá a kiri nígbà tó bá ń húkọ́. Nínú two-stroke tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, epo yẹn ló ń gbé ọ́ìlì dé ara písítìnì. Sílíńdà tí epo kò tó ni ọ́ìlì kò tó, ooru rẹ̀ á sì máa ga sí i. Mo ti tú ẹ́ńjìnnì tí písítìnì rẹ̀ yọ́ nítorí páìpù epo lásán. Ẹ̀rù èyí ló bà mí jù fún yín, ju ti CDI lọ.

Bí ẹ ò bá rí ẹ̀bi kankan níbi epo, ẹ jẹ́ kí pulọ́ọ̀gì jẹ́rìí. Ẹ sáré lójú omi tó tẹ́jú, tí kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí, kí gbogbo èèyàn jókòó. Bó bá ti ń húkọ́ gan-an, ẹ fa okùn ààbò kó kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má jẹ́ kó rọra sáré kó tó kú. Ẹ wá tú pulọ́ọ̀gì méjèèjì. Bí ọ̀kan bá tutù fún epo, tí ìkejì gbẹ tó sì ní àwọ̀ ilẹ̀, sílíńdà kan ni kò jóná. Bí méjèèjì bá gbẹ tí wọ́n sì funfun, epo ni kò tó. Bí ọ̀kan bá mọ́ roro bí èyí tí wọ́n fọ̀, omi lè máa wọ ibẹ̀ láti ara gásíkẹ́ẹ̀tì orí. Bí ẹ bá rí èérún fàdákà wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, ẹ má tún tan ẹ́ńjìnnì náà mọ́ títí ẹ ó fi ṣí i. Písítìnì ló ń jẹ.

Kí ẹ tó dé orí iná, ẹ fi géèjì wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí písítìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó nínú sílíńdà. Ẹ tú pulọ́ọ̀gì méjèèjì, ẹ yọ okùn ààbò, ẹ so ẹnu waya pulọ́ọ̀gì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, torí bí àwọn waya náà bá kàn ń fì láìsí ibi tí iná á gbà, ó lè ba CDI tó ṣì dára jẹ́. Ẹ ṣí tọ́rọ́tù tán, ẹ fa okùn títí ọwọ́ géèjì ò fi ní gòkè mọ́. Ohun tí mò ń wò ni bí sílíńdà méjèèjì ṣe jọra. 110 àti 105 psi kò burú. 110 àti 75 burú, kò sì sí ẹ̀yà iná tí ẹ máa rà tó máa wò ó sàn.

Ó wá ku iná. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tó sì ń ṣe wàhálà ni kí ẹ dán an wò, nítorí kọ́ìlì, ẹ̀yà tó ń sọ iná di alágbára fún pulọ́ọ̀gì, bó bá ń kú nínú ooru, á ṣì ta iná dáadáa bó bá tutù. Ẹ lo ohun ìdánwò tó ní àlàfo bíi 10 mm, kí ó jìnnà sí ihò pulọ́ọ̀gì àti sí èéfín epo. Iná tó dára á ta búlúù, á sì máa dún. Bí ó bá jẹ́ sílíńdà kan ṣoṣo ni kò ní iná, tí kọ́ìlì sì jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ ipò wọn. Bí àìsàn náà bá tẹ̀ lé kọ́ìlì lọ sí òdìkejì, kọ́ìlì ni ẹ máa rà. Bí kò bá kúrò lójú kan, waya, CDI tàbí ẹ̀yà tó ń sọ fún un ìgbà tó yẹ kó ta iná ni. Bí méjèèjì bá ń kú pa pọ̀, ohun tí wọ́n jọ ń lò ni kí ẹ fura sí: stator (ẹ̀yà tó ń pèsè iná) tó wà lábẹ́ flywheel (irin róbótó tó wúwo tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì), irin ìdúró waya tó ti dípẹtà, tàbí waya tó ń pa ẹ́ńjìnnì. Èyí tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí máa ń tanni gan-an. Ẹ lè yọ ọ́ fún ìdánwò, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé bọ́tìnnì àti okùn ààbò ò ní pa ẹ́ńjìnnì mọ́, ṣóòkù tó ń dí afẹ́fẹ́ ni ẹ máa fà. Etíkun ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú omi tó ń tù ú lára, nítorí rọ́bà tó ń fa omi kì í pẹ́ bàjẹ́ bí ẹ bá tan án lórí ìyàngbẹ.

Kabúrétọ̀, ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yín mu, torí ihò rẹ̀ tó bá dí kì í dúró de ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá ti tú u náà, ẹ má ki waya bọ ihò epo rẹ̀, ẹ fi oògùn ìfọkabúrétọ̀ àti afẹ́fẹ́ fọ̀ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá CDI lẹ́bi, ó yẹ kó fi mítà tó lè ka iná tó ń ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọn ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde, kó fi wé ti ìwé ẹ́ńjìnnì yín. Mítà lásán kò lè kà á. Bí ẹ bá ti ṣe ti táńkì àti bọ́ọ̀lù rọ́bà tán, ẹ kọ èsì rẹ̀ sí mi, kí ẹ fi ohun tí géèjì kà ní sílíńdà méjèèjì kún un.